Orin Àdàbà Lẹ́nu Àhámọ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àdàbà, aya Oríri.

Ẹ̀yin ọmọ, ogun ṣẹlẹ̀ láàárín ẹyẹ àti ẹranko. Àwọn ẹranko mú Oríri, Ẹfọ̀n ọba wọn sì fi í sí àhámọ́ tí Ìkookò ń ṣọ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ará ilé ẹlẹ́wọ̀n kọrin lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlẹ́wọ̀n gbè é láti inú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà láàyè. Ẹ bá mi gbè é:

Oríri ọkọ mi, ṣé o wà ńbẹ̀?
Mo wà, mo wà.

Lọ́jọ́ kìíní, Àdàbà kọrin, kò gbọ́ nǹkan. Ìkookò ní, "Ó ń sùn." Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ó ń jẹun." Lọ́jọ́ kẹta, ohùn kan bú jáde: "Mo wà, mo wà!"

"Bàbá Ìkookò," ni Àdàbà wí, "ọkọ mi kì í ké bí ẹni tó gbé egungun mì."

Ó fò lọ sí ààfin. "Kábíyèsí, ẹ wá bá mi kọ orin náà lẹ́nu àhámọ́."

Ẹfọ̀n kọrin títí, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó fi ìwo já ilẹ̀kùn. Oríri wà nílẹ̀, wọ́n so ìyẹ́ rẹ̀, òùngbẹ ti gbẹ ẹ́ lọ́fun. Àdàbà rọra kán omi sí i lẹ́nu.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" ni ọba bi Oríri.

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí. Ilẹ̀kùn yín ni Ìkookò ń ṣọ́."

Ẹfọ̀n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìkookò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Oríri sẹ́yìn, ó sì pọ̀n ọ́n dé ẹsẹ̀ igi rẹ̀ níṣojú gbogbo ọmọ ogun. Ó ń wí fún ẹni tó bá pàdé pé, "Èmi ni mo ṣe é."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi bà sí o.