Jíìpù Kọngílá Létí Kòtò

Ojú mi ló ṣe, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá purọ́, kí ọ̀nà tí mo ń rìn má gbà mí mọ́. Ní Ìkirè, níbi tá a ti ń gbẹ́ kòtò páìpù tó jìn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ, Kọngílá Fáṣeèké, agbaṣẹ́ṣe tó gbà wá síṣẹ́, kọ̀, kò ra pákó tí wọ́n fi ń ti ẹ̀gbẹ́ kòtò kó má baà ya lu ènìyàn, ó sì sọ fún Látúndùn, obìnrin tó ń mójú tó ààbò wa: "Bí olùyẹ̀wò ìjọba bá dé, wí fún un pé kòtò dára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ àtàwọn mẹ́jọ tó ń gbẹ́ ẹ, ẹ gba ilé yín lọ." Látúndùn ní, "Ẹnu ọ̀gá ló yẹ ọ̀rọ̀ ńlá, sà. Ẹ bá wa sọ ọ́." Olùyẹ̀wò dé, Kọngílá sì búra pé àpáta ni ilẹ̀ yẹn, pé erin lè jó lórí ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni Látúndùn juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà Kọngílá: "Oòrùn ń pa jíìpù ọ̀gá o! Gbé e wá síbi ibòji yìí, létí kòtò." Dẹ́rẹ́bà yí jíìpù tuntun náà, ó ń bọ̀. Kọngílá fò sókè, fìlà rẹ̀ já bọ́. "Wèrè! Dúró níbẹ̀! Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ya!" Látúndùn kàn ń wo àwọn mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ kòtò. Olùyẹ̀wò ní kí wọ́n gòkè kíákíá, ó dá iṣẹ́ dúró títí pákó á fi dé, ó sì yọ ìwé rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí, ọ̀rọ̀ Kọngílá gan-an ló kọ síbẹ̀: "Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ya."