Jíìpù Baálẹ̀ Tí Kò Gba Abẹ́ Géètì

Baálẹ̀ Òkè-Àgbọn ní kí Ràfátù, obìnrin mẹkáníìkì ìlú, gbé jíìpù òun ga, kó sì wọ táyà gàgàrà sí i, kí òun lè máa wo gbogbo èèyàn nílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ délé, òrùlé rẹ̀ ò gba abẹ́ géètì mọ́. Baálẹ̀ fárí gá: "Mú un wọlé kílẹ̀ tó ṣú. O ò gbọdọ̀ fọ́ géètì mi, o ò gbọdọ̀ yọ afẹ́fẹ́ táyà mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ." Ràfátù fẹsẹ̀ tẹ bọ́ńpà, ó rí i pé sípíríǹgì ń lọ sílẹ̀. "Baba, àwọn ìjòyè tó ń jẹun níbí láràárọ̀ dà?" Wọ́n tò jáde, ikùn ló ṣíwájú. Ràfátù há wọn mọ́nú jíìpù, ó ní kí àwọn tó ṣẹ́ kù jókòó lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sípíríǹgì ké, ọkọ̀ wálẹ̀, ó sì rọra yọ́ gba abẹ́ géètì kọjá. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, jíìpù tún ga padà. Baálẹ̀ wo òrùlé ọkọ̀, ó wo géètì. "Ràfátù, tí mo bá fẹ́ jáde láàárọ̀ ọ̀la ńkọ́?" "Ẹ ní kí wọ́n tètè gbé ìkòkò kaná, Baba. Tí wọn ò bá yó, ẹ ò jáde."