Abẹ Ògúnlékè àti Orí Adélẹ́yẹ

Ògúnlékè, alágbẹ̀dẹ ìlú Ìlóyìn, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọkọ́ tó bá rọ kì í tẹ̀, ọ̀bẹ tó bá pọ́n kì í kú bọ̀rọ̀, àwọn ará ìlú mìíràn sì máa ń sùn lọ́nà nítorí pé wọ́n fẹ́ ra àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù kan ni ó ní: bó bá ti wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Bí àgbẹ̀ bá wá sọ fún un pé èékù àdá tó ṣe fún òun ń bó òun lọ́wọ́, Ògúnlékè á ní kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú. Àgbẹ̀ á sì máa ráhùn lọ sí oko, nítorí kò sí alágbẹ̀dẹ mìíràn tó lè tọ̀ lọ.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ọba Ìlóyìn wàjà, ó sì kan ìdílé Adélẹ́yẹ láti jọba. Adélẹ́yẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Oko ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ó ń gbin iṣu, ó ń retí. Baba rẹ̀ retí oyè yìí títí ó fi kú. Nígbà tí àwọn afọbajẹ ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa bọ̀ nílé, ó jókòó sórí ebè, ó sì sunkún ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún.

Ṣùgbọ́n Ìlóyìn ní àṣà kan tó le. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé ìpèbí, níbi tí wọ́n ń fi ọmọ oyè pamọ́ sí kí ó tó gun orí ìtẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò jáde, wọn yóò fá irun orí rẹ̀ kodoro láàárín ìgbà tí àkùkọ bá kọ àti ìgbà tí oòrùn bá yọ. Aṣọ funfun ni wọn yóò dà bò ó lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sí aṣọ náà, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ilé mìíràn ni yóò jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá yọ tí irun ṣì kù lórí, bákan náà ni. Èyí tó tún wá le jù ni pé ọmọ oyè kò gbọdọ̀ fọhùn láti ìgbà tó bá ti jí títí abẹ yóò fi kan orí rẹ̀.

Akínlotù, onígbàjámọ̀ àgbà tó máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ti kú. Àwọn onígbàjámọ̀ tó kù ní ìlú, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Abẹ wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí wọ́n bá rọra fi í fá orí, oòrùn á ká wọn mọ́ ibẹ̀, bí wọ́n bá sì kánjú, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ìdí rèé tí Ọ̀jọmu, olórí àwọn afọbajẹ, fi pe Ògúnlékè.

"Ṣe abẹ kan fún wa," ni Ọ̀jọmu wí, "èyí tí yóò yá, tí kò sì ní ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi fá a. Bí ó bá yọrí sí rere, o ti di ẹni ààfin. Bí kò bá yọrí sí rere, ìwọ náà mọ̀ pé o ò lè gbé Ìlóyìn mọ́."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ògúnlékè dáhùn. "Ẹ kà á sí pé ó ti parí."

Ó lọ sí ààfin, ó ní kí wọ́n gbé adé jáde fún òun, ó sì fi òwú wọn inú rẹ̀ yípo. Lẹ́yìn náà ó wá akèrègbè kan tó ṣe déédéé òwú náà, ó na awọ ewúrẹ́ tútù tí irun ṣì wà lára rẹ̀ bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abẹ tó rọ fẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, ó sì ní èékù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Bí ó bá ti gbé e lé akèrègbè tí ó sì fà á, irun á máa ká kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tan mọ́ ilé Adélẹ́yẹ, òun ló sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ìpèbí. Lọ́jọ́ kan, ó ti ibẹ̀ bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ.

"Bàbá Ògúndélé, Adélẹ́yẹ ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wá rí òun kí ẹ tó parí abẹ yẹn."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Kò sọ fún mi. Ó ní ẹ̀yin nìkan ni òun máa sọ ọ́ fún."

Ògúnlékè rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ oyè! Wọn ò tíì gorí ìtẹ́, wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe èèyàn. Sọ fún un pé mo ti wọn adé. Adé tó gba orí gbogbo ọba Ìlóyìn, ṣé tirẹ̀ ni kò ní gbà?"

"Adé ọ̀tọ̀, orí ọ̀tọ̀ o. Ẹ lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀."

"Ìyá Ògúndélé, orí ni orí ń jẹ́. Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ó ku ọ̀la, wọ́n ní kí Ògúnlékè wá fi abẹ náà han ìlú. Ojúde ààfin kún. Ó gbé akèrègbè rẹ̀ kalẹ̀, ó da aṣọ funfun bo ìdí rẹ̀, ó fa abẹ náà síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Kí ojú tó ṣẹ́, akèrègbè ti ń dán. Aṣọ funfun kò ní àbàwọ́n kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí tí yóò fi ní, akèrègbè kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn nígbà tí gbogbo ìlú ń hó? Wọ́n gbé e lórin pé, "Ògúnlékè fárí, olórí ò mọ̀!" Wọ́n gbé ẹmu wá.

Adélẹ́yẹ gbọ́ ariwo náà láti inú ìpèbí. Àwẹ̀ró tún ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń yìn ín.

"Ó ní kí ẹ wá nísinsìnyí. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, òun ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ," ni Ògúnlékè wí. Kò lọ. Ẹmu dùn, ìyìn sì tún dùn jù ú lọ.

Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí àkùkọ kọ, Adélẹ́yẹ jókòó sórí àpótí nínú ìpèbí, aṣọ funfun bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ọ̀jọmu jókòó níwájú rẹ̀, ó kọjú sí aṣọ náà. Abẹ kékeré tí Akínlotù fi sílẹ̀ wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí àṣà. Nígbà tí Ògúnlékè wọlé pẹ̀lú abẹ ńlá rẹ̀, Adélẹ́yẹ gbé ojú sókè, ó wò ó. Ẹ̀bẹ̀ ló kún ojú náà. Ògúnlékè rò pé ẹ̀rù oyè ni, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ó gbé abẹ lé iwájú orí, ó fà á. Irun ká kúrò bí ó ti ṣe lára akèrègbè. Kí Adélẹ́yẹ tó lè la ẹnu, ó tún ti fà á, ó dé àtàrí, ó yà sí apá òsì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí akèrègbè kò sọ fún un rí. Abẹ náà gun nǹkan. Ó dá ọwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Imọ̀ ọ̀pẹ ló já lu Adélẹ́yẹ lórí ní oko nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ga sókè lábẹ́ irun bí ebè. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ní àpá má jọba, àmọ́ ó mọ ẹnu ayé, kò sì fẹ́ kí ìlú máa fi orí òun ṣe yẹ̀yẹ́ kí òun tó gun orí ìtẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí yóò fá orí náà nìkan ló fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó ṣàn lọ sí ẹ̀yìn etí, ó ń wá ọ̀nà ọrùn. Ọ̀jọmu dìde. Ṣùgbọ́n Adélẹ́yẹ ti yọ ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ, ó gba ẹ̀jẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ nídìí etí, ó sì gbé ọwọ́ náà lọ sókè, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́.

Ọ̀jọmu bẹ̀rẹ̀, ó wo aṣọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oòrùn ni yóò dáhùn fún un.

"Aṣọ ni àwọn baba wa ní kí n wò," ló wí níkẹyìn. "Aṣọ funfun. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ilẹ̀ ti ń mọ́."

Abẹ ti kan orí, ẹnu Adélẹ́yẹ ti là. "Ògúnlékè," ó pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "wọ́n ní o fá orí mi lánàá ní ojúde ààfin. Níbo ni mo wà?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀," ni Ògúnlékè dáhùn. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Mo ti dé báyìí. Gbé abẹ Akínlotù. Ibi tí o ò bá mọ̀, bi mí."

Ògúnlékè mú abẹ kékeré náà. Adélẹ́yẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ibí?"

"Ibẹ̀ dára. Fà á."

"Ibí ńkọ́?"

"Ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ó ń dùn mí níbẹ̀. Rọra."

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé Ògúnlékè nìyẹn tí yóò máa béèrè bí ọmọdé ṣe ń béèrè. Ó béèrè yí gbogbo orí ká, títí ó fi ku irun tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Ìta ti pọ́n. Bí Adélẹ́yẹ bá gbé ọwọ́ kúrò tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá, ó parí. Bí kò bá gbé e kúrò, ó parí náà ni.

"Ṣé kí n dúró?" ni Ògúnlékè béèrè.

"Dúró díẹ̀ sí i. Ó ṣì gbóná." Wọ́n dúró. Ọ̀jọmu ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ. "Ó yá," ni Adélẹ́yẹ wí, "ó ti dá. Bá ẹ̀gbẹ́ àpá náà lọ, má gbà á lórí." Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì di í ní ẹ̀ṣẹ́.

Ògúnlékè bá ẹ̀gbẹ́ àpá náà lọ. Irun tó kẹ́yìn já bọ́ sílẹ̀, oòrùn sì yọ sí ara ògiri. Níta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Kábíyèsí.

Ògúnlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń retí kí wọ́n lé òun ní ìlú. Ọba tuntun na ọwọ́ òsì sí i, ó la àtẹ́lẹwọ́ náà tó ti pọ́n fòò.

"Abẹ rẹ dára, Ògúnlékè. Akèrègbè ni ó yẹ. Padà sí àgbẹ̀dẹ rẹ, kí o tún un rọ, ṣùgbọ́n nígbà yìí, èmi ni kí o gbé jókòó síwájú rẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun fún ọmọnìkejì rẹ̀ láì bi í léèrè, òun náà ló sì di òwe lẹ́nu wa títí dòní, pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.