Wáyà Ìsàlẹ̀-Odò

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ Akínlàbí lára, ọ̀gá àgbà ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú ńlá kan.

Ohun gbogbo níbẹ̀ ló ti gbó. Nígbà tí owó àtúnṣe dé, Ẹnjiníà Mojírádé bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà iná ibùdókọ̀ Ìsàlẹ̀-Odò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, nítorí wáyà náà ti bó, iná sì ń ta lára rẹ̀. Akínlàbí kọ̀. Ibùdókọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọba ló fẹ́ kó máa dán ná.

Ó ní, "Àwọn wo gan-an ló ń wọkọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò? Ó ti mọ́ wọn lára."

Kò pẹ́ tí wáyà náà fi gbiná, tí èéfín sì bo àwọn èrò mọ́ inú ihò. Àwọn kan kú. Àbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n Akínlàbí obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, wà nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn ló ń lọ.

Akínlàbí sáré dé ọsibítù, ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa wà níbẹ̀."

Àbíkẹ́ mí pẹ̀lú ìnira, ó fi oríkì pè é. "Àjàní, ká ní mi ò sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà náà báyìí.