Omi Tó Gbóná Lẹ́nu Àyọ̀ká

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ọ̀!

Ẹ ṣeun. Ààlọ́ mi kò rìn jìnnà. Ó dá lórí ìyá kan, ọmọ kan, àti kòkòrò tó ń fi ìrù jà.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Emi. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Òrí ló ń ṣe tà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àyọ̀ká. Odindi ọdún kan ló fi hun aṣọ fún Àyọ̀ká. Àyọ̀ká kò tíì ró o lẹ́ẹ̀kan tí aládùúgbò wọn fi bí Ìgè nínú ọyẹ́, tí kò rí nǹkan fi pọn ọmọ. Àwẹ̀ró bá mú aṣọ náà, ó fún un.

Inú bí Àyọ̀ká. Ìyá rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, kò jẹ. Ìyá rẹ̀ ní kó gbá èèpo emi, èso tó fi ń ṣe òrí, tó wà lẹ́yìn ilé, ó jókòó, kò dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣé ẹ kò ṣe irú rẹ̀ rí?

Ìyá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó èèpo náà. Àkeekèé wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ta á níka.

"Mo gbé o!"

Gbogbo ẹni tó wà nílé lábúlé sáré dé. Oró ti dé ọrùn ọwọ́.

Ní Ìdí-Emi, ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìbínú ló máa ń gbé oró gòkè. Bí àkeekèé bá ta ènìyàn, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n á bu omi tútù sẹ́nu, á tu ú sílẹ̀, á ní, "Inú mi tutù sí ọ." Ẹni tí omi bá gbóná lẹ́nu rẹ̀, òun ló ń bínú. Bí oró bá sì dé àyà kí oòrùn tó wọ̀, ó parí.

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù lábúlé, tu tirẹ̀. Ó tutù. Ilé kọ̀ọ̀kan tu tiwọn. Ó tutù. Síbẹ̀ oró dé ìgúnpá.

Ó kan Àyọ̀ká. Ó bu omi sẹ́nu. Omi gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ojú tì í. Ó yíjú sí ògiri. Ó gbé e mì.

Ó ní, "Ó tutù."

Oró dé èjìká.

Àyọ̀ká sá lọ sẹ́yìn ilé. Ó rí àkeekèé. Ó ní, "Kí ló dé tí o fẹ́ pa ìyá mi?"

Àkeekèé ní, "Ìka ni mo ta. Ta ló gbé e dé èjìká?"

Nínú ilé, àwọn ènìyàn ń kùn pé, "Ìyá Ìgè nìkan ló kù. Òun ló ń bínú!" Ìyá Ìgè sì wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ó bu omi, ó tu ú. Ó tutù. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó rẹ aṣọ tí Àwẹ̀ró fún un, tó fi pọ̀n ọ́n, sómi, ó fi wé apá Àwẹ̀ró.

Ó ní, "Ẹni tó bo ọmọ mi, èmi náà á bò ó."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Àwẹ̀ró lajú díẹ̀. Ó ní, "Àyọ̀ká, ṣé o ti jẹun?"

Háà! Àyọ̀ká bú sẹ́kún. "Ìyá mi, omi gbóná lẹ́nu mi. Mo gbé e mì." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ìyá mi, èmi ni n kò gbálẹ̀ o
Ègbè: Oró, sọ̀, sọ̀ wẹ́rẹ́
Lílé: Òwú ń bẹ lóko, a ó tún hun
Ègbè: Oró, sọ̀, sọ̀ wẹ́rẹ́
Lílé: Ìyá ò sí lóko tí a ó tún ká
Ègbè: Oró, sọ̀, sọ̀ wẹ́rẹ́

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, oró sọ̀ dé ìgúnpá. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, oró sọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú. Omi tutù nini. Oró dé ìka, ó kán sílẹ̀.

Àwẹ̀ró jókòó. Ó ní, "Wá, ká jẹun."

Àyọ̀ká nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbálẹ̀."

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ìbínú tí a gbé mì kò tíì tán. Bí inú bá bí wa sí ẹni tó fẹ́ràn wa, ká tètè sọ ọ́ jáde, kó tó pa ẹni tí a kò fẹ́ kó kú.

Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ sí nìyí, ní orí ìka ìyá. Ẹni tí inú ń bí nínú yín, omi wà nínú àmù.