Orin Àparò Tí Kò Lẹ́lẹ́gbè

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àparò, ìyá tó ń ka ẹyẹ igbó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á kọrin, á máa ka ohùn tó bá gbè é. Ẹ̀yin ọmọ, ó yá:

Ẹyẹ igbó, ṣé ẹ wà?
— A wà o, a wà!

Lọ́dún kìíní, igbó mì tìtì. Lọ́dún kejì, ohùn ò pọ̀ mọ́. Àparò sáré tọ Ẹkùn, ọba igbó, lọ.

"Kábíyèsí, a ti ń tán lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ yín sinmi títí a ó fi pa ẹyin, tí a ó sì pamọ."

"Onírù kúkúrú! Àwọn tó kún etí odò lánàá ńkọ́?"

"Odò yòókù ló gbẹ, Kábíyèsí. Gbogbo wa pátá lẹ rí yẹn."

"Gbogbo yín?" Ẹkùn fi ahọ́n lá ètè. Ọjọ́ náà ló kó ọdẹ lọ sétí odò, wọ́n sì pa gbogbo ẹyẹ ibẹ̀.

Lọ́dún kẹta, Àparò kọrin:

Ẹyẹ igbó, ṣé ẹ wà?

Rárá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Ebi wá ń pa Ẹkùn. Ó ní, "Àparò, o ò mọ nǹkan kà. Tún un kà!"

Ààlọ́ mi bà síbẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí ẹyẹ kan dún nínú igbó yẹn.