Ìrù Ìtàn Omi Ajíbù

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí balẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́ sì tètè wú u tán, nítorí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni mo gbé wá, ikọ́ kì í sì í jẹ́ kí ọpẹ́ dùn létí.

Ní ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú ilẹ̀ wa bí ológbò ti ń mú eku, àdúgbò Òkè-Àgbọn tiwa àti Ìsàlẹ̀ Odò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ àdá sí ara wọn nítorí ìsun omi Ajíbù. Àwa ní Akínbọ̀dé ọdẹ, baba ńlá wa, ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ní ìyá ńlá tiwọn ni. Ọba wá pàṣẹ pé kí Fádérera, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì, ṣe ìwádìí rẹ̀, kí ó kà á lójú ìlú, kí ẹni tí ó bá jẹ̀bi má bu omi níbẹ̀ mọ́.

Fádérera tọ̀ mí wá. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bi, "wọ́n ní" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni mo ń wá."

"Gbogbo wọn ti kú."

"Ẹ bá mi wá ẹni tí kò tíì kú."

Mo gbé ìbọn, mo kó obì sápò, mo wọ Igbó Àná lọ, igbó tí ewé ibẹ̀ ń já láti ilẹ̀ padà sórí igi. Níbẹ̀ ni mo pàdé Gbọ́yìísọ, iwin tí ẹnu kún ara rẹ̀ bí ihò afárá oyin, tí etí rẹ̀ gbòòrò bí ewé kókò, ṣùgbọ́n tí kò ní ojú rárá. Ó gbọ́ òórùn ẹ̀tù ìbọn lára mi, ó sì ròyìn bí Akínbọ̀dé ṣe fi ìdí ìbọn lu àpáta tí omi tú jáde, tí àwọn ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìtàn náà dùn mọ́ mi débi pé mo fún un ní obì, mo kọjú sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ọdẹ tí ó bá ní òun pa erin, ìrù erin là ń bi í, a kì í bi í ní orin. Mo yí padà.

"Gbọ́yìísọ, ìrù ìtàn yìí dà?"

Gbogbo ẹnu rẹ̀ pa dé, ọ̀kan ṣoṣo ló dáhùn. "Èmi ò sí níbẹ̀. Ará Ìsàlẹ̀ Odò kan wá lọ́jọ́sí, òórùn ẹja wà lára rẹ̀. Ìyá ńlá tirẹ̀ ni mo kó àwọn ẹfọ̀n fún."

Ẹ má bú u o. Òun náà ló júwe ilé Ojúrí, iwin tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, fún mi, lábẹ́ àpáta ìsun náà gan-an. Ẹni tí kò dé ọjà rí lè mọ ọ̀nà ọjà.

Ojú kan ni Ojúrí ní, ó tóbi bí àwo. Ẹnu rẹ̀ kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Èérí odò ti bò ó lójú, mo sì bu omi, mo wẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Mo rí ẹsẹ̀," ni ó wí.

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ kì í jẹ́ orúkọ. Abẹ́ òkúta ni mo wà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin sọ̀ láti òkè, ẹsẹ̀ obìnrin tí ó kun osùn gòkè láti ìsàlẹ̀. Wọ́n jọ kúnlẹ̀. Igbá kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n là á sí méjì, kí ẹnì kan má baà máa wo ẹnu ẹnì kejì."

Mo bi í léèrè àwọn ẹfọ̀n. Ó ní òun kò rí ẹfọ̀n.

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "O ṣeun. Láti ìgbà tí mo ti ń wò, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí ó bi mí." Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi bọ́ lójú èmi tí mo ti wo ojú ẹkùn.

Mo délé, mo rò ó fún Fádérera. Ó gbójú sókè wo ìlàjì igbá tí èéfín ti sọ di dúdú lára ògiri mi, èyí tí àwọn baba wa kà léèwọ̀ láti fi jẹun, tí wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Odò ló gbà lọ, ó lọ bi Màmá Ọláẹ̀rí, àgbà ilé wọn, bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Màmá na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ ìwé kíkà, wọ́n kó ìlàjì méjèèjì pọ̀ lójú ọba. Orí ẹyẹ tí wọ́n fín wà lára tiwọn, ìdí rẹ̀ wà lára tiwa. Àdá padà sínú àkọ̀, àdúgbò méjèèjì sì jọ bu omi. Nínú ìwé rẹ̀, Fádérera kọ ti ẹlẹ́nu sí àyè ẹnu, ó kọ ti olójú sí àyè ojú.

Nítorí náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́nu tí ó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ olójú tí ó rí díẹ̀, tí kò fi ẹfọ̀n kún un. Ní ti àwọn ará ìlú wa, àlàáfíà ti dé. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí báyìí kò ju èwo nínú ìlàjì igbá méjèèjì ló tóbi jù lọ. Fádérera ti wọ̀n wọ́n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà.